Bí A Ṣe Lè Fi Àwòrán Ṣe Ọ̀nà Ìrìnkiri Nínú Ìkànnì Ara Ẹni

Ẹni tí ó ti ń kọ nǹkan sórí ìkànnì ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sábà máa ń to àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, tuntun lókè, àtijọ́ nísàlẹ̀, èyí tí ó bá sì ti sún sísàlẹ̀ kì í sábà rí ẹni kà á mọ́. Àwòrán tí òǹkàwé lè fọwọ́ fà, tí ó sì lè fi ṣeré, máa ń mú irú wọn jáde padà, bí ó bá jẹ́ pé inú àkọsílẹ̀ gan-an ni àwòrán náà ti wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan àwọ̀ rárá, ẹ ṣí fáìlì JSON kan (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ̀ǹpútà lè kà ní tòtò), kí ẹ kọ àkọlé, ọjọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ àti kókó tí kò ju mẹ́ta lọ fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí a máa súni, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi irú àwòrán tí ó yẹ hàn yín. Bí ìrìn àjò bá pọ̀ nínú wọn, ẹ lo Leaflet, ohun èlò JavaScript (èdè tí ń mú ojú ìwé ìkànnì ṣiṣẹ́) fún àwòrán ilẹ̀, láti tò wọ́n sórí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn jọ ń yà, kí ẹ sì kọ orúkọ OpenStreetMap sí igun rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ wọn ti béèrè. Fọ́tò ni? Ẹ fi àwọ̀ tí ó gbilẹ̀ jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tò wọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwòrán ìsopọ̀, níbi tí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ òbìrìkìtì, tí ìlà sì so àwọn tí kókó wọn jọra pọ̀. D3, ohun èlò JavaScript ọ̀fẹ́ fún yíya àwòrán láti inú dátà, tí ó jáde ní ọdún 2011, ní ìṣirò tí ń mú kí àwọn òbìrìkìtì máa ti ara wọn, kí ìlà sì máa fà wọ́n padà, débi pé bí òǹkàwé bá wọ́ ọ̀kan, àwọn ìbátan rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Ẹ yọ kókó èyíkéyìí tí ó bá wà nínú èyí tí ó ju ìdajì àkọsílẹ̀ lọ kúrò, nítorí òun ni ó máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di jágbajàgba. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìtóbi fi gígùn hàn, àkọsílẹ̀ tí ó gùn ní ìlọ́po mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ ní ju ìlọ́po méjì fífẹ̀ lọ, nítorí gbogbo inú òbìrìkìtì ni ojú ń wọ̀n. Bí àwọn òbìrìkìtì bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ fi canvas, tí ń kun gbogbo àwòrán bí fọ́tò kan ṣoṣo, rọ́pò SVG, tí ń tọ́jú òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó má baà máa falẹ̀.

Ìlànà WCAG 2.2 ti ọdún 2023, tí ó wà fún mímú ìkànnì rọrùn fún gbogbo ènìyàn títí kan àwọn aláàbọ̀ ara, fẹ́ kí ohun tí a ń tẹ̀ tó píksẹ́lì 24 ní ìbú àti ní òòró. Ẹ fi prefers-reduced-motion, ètò CSS tí ń sọ bóyá òǹkàwé ti ní kí ẹ̀rọ òun dín ìrìn kù, dá ìrìn àwòrán dúró fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ. Pàtàkì jù lọ, ẹ kọ àkójọ àkọlé lásán sínú HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé ìkànnì, ní àkọ́kọ́, kí JavaScript tó fi í ya àwòrán, kí ẹni tí àwòrán kò bá ṣí fún lè rí gbogbo àkọsílẹ̀ kà.