Àlòkù màṣíìnì: ibi tó yẹ kówó yín kọ́kọ́ lọ

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń dáko ní Kuje, Kwali, Abaji, títí dé apá Suleja, ọ̀rọ̀ màṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Látìgbà tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Abuja ní 2006, ẹ̀yìn odi níbí ló kù sí, òun náà ló ń gbé iṣu, tó ń gbé ajílẹ̀, tó tún ń gbé ọmọ lọ siléèwé. Tuntun ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa, àlòkù ló kù. Àlòkù ò burú o. Ibi tá a ti ń ṣì í ṣe ni pé ohun tójú rí la máa ń náwó lé, a ó kùn ún, a ó ra ṣíìtì tuntun, a ó so rédíò mọ́ ọn, bíréèkì ò sì mú. Bíréèkì, táyà, ṣéènì, ọ́ìlì àti fílítà ni kówó kọ́kọ́ lọ, ọ̀dà á dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ta iṣu.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kẹ́ni tó ń tà á tó kíìkì ẹ̀. Tó bá ti gbóná, ó ti jí i sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé nìyẹn, ẹ ní kó jẹ́ kó tutù ná. Èmi ò mọ èyí nígbà tí mo ra àkọ́kọ́ tèmi ní Gwagwalada, ẹ̀rín lọkùnrin yẹn fi gba owó lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo kíìkì títí oòrùn fi mú, ìyàwó mi ní ṣé ijó ni mò ń jó ni.

Tó bá jí, ẹ wo èéfín nídìí sáléńsà. Tó bá dúdú, bẹntiróòlù ló pọ̀ jù, fílítà tàbí kàbúrétọ̀ ló fẹ́ fífọ̀, owó kékeré ni. Tó bá ṣe búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, ring (òrùka ara písítìnì) tàbí síìlì fálúù ti lọ, ẹ yọ owó iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Àmọ́ àwọn àgbà màṣíìnì two-stroke tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo, èéfín búlúù díẹ̀ kì í ṣe àìsàn lára tiwọn.

Nọ́ńbà ṣáṣíìsì wà lọ́rùn fírémù níbi tí ọwọ́ ti ń yí, ti ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀. Kí méjèèjì bá ìwé mu. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ti rẹ́ nọ́ńbà, ẹ máa lọ sílé, ẹ má tiẹ̀ bi mallam tó ń tà á pé nawa ne, èló ni.

Tẹ́ ẹ bá láǹfààní àtiyan, ẹ mú Boxer tàbí CG125, torí kò sí abúlé tí ẹ ò ti ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. CG yẹn, Honda gbé e jáde ní 1976 fún àwọn ìlú tí ọ̀nà wọn ò dáa, ọ̀pá ló ń gbé fálúù ẹ̀, kò ní ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó máa fà.

Tí ò bá jí

Nǹkan mẹ́ta lẹ́ńjìnnì ń bèèrè: iná, epo, àti agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Mẹkáníìkì tó bá ní kẹ́ ẹ lọ ra kọ́ìlì láì tíì wo púlọ́ọ̀gì tí iná ti ń ṣẹ́, owó yín ló fẹ́ fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ tún fi í sínú fìlà ẹ̀, ẹ jẹ́ kára ẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kẹ́nì kan wá kíìkì. Kò gbọ́dọ̀ sí epo tó dà sílẹ̀ nítòsí o, iná lẹ fẹ́ wò. Tó bá ṣẹ́ búlúù tó ń dún pàpà, iná wà. Ẹ wo ẹnu púlọ́ọ̀gì náà: tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó gbẹ, ara ẹ̀ dá, tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀, tó bá funfun, afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó sì lè jó písítìnì. Ti CG125, àlàfo ẹnu ẹ̀ ò ju 0.6 sí 0.7 mm lọ.

Iná wà, kò jí síbẹ̀? Ẹ lọ bá kàbúrétọ̀. Epo tó ti pẹ́ nínú ẹ̀ máa ń dì bí oje igi. Ẹ pa epo, ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀, ẹ yọ jẹ́ẹ̀tì méjèèjì tí epo ń gba ihò wọn kọjá, ẹ fi bẹntiróòlù tó mọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ bá fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò ẹ̀. Ẹ má fi wáyà ro ó, idẹ rírọ̀ ni jẹ́ẹ̀tì, ihò ẹ̀ á fẹ̀, látọjọ́ yẹn lọ ẹ ó máa ra epo tẹ́ ẹ ò lò, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ ohun tí epo ti dà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023.

Tí iná wà tí epo wà, ẹ fọwọ́ tẹ kíìkì. Ó yẹ kó tako yín. Tó bá kàn ń lọ wẹ́rẹ́, ẹ da ọ́ìlì bíi ṣíbí kékeré kan sí ihò púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti wá le báyìí, ring ló jẹ. Tí ò bá yí padà, fálúù ni kí wọ́n wò, àlàfo ti CG125 jẹ́ 0.08 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ìdánwò yìí ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó ti gbà mí lọ́wọ́ riboring, ìyẹn gbígbẹ́ inú síláńdà fẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Eruku ọyẹ́

Eruku yìí ló ń pa màṣíìnì jù lápá òkè níbí. Látoṣù kọkànlá sí oṣù kejì, eruku ni gbogbo wa ń mí, ẹ́ńjìnnì náà ń mí in, iyanrìn tó bá wọlé á sì máa họ síláńdà bí ẹni ń fi pépà họ igi. Àwọn kan á yọ fílítà sọ nù, wọ́n á ní ó ń jẹ́ kó sáré. Ó ń sáré lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, ẹ fún un dáadáa. Tó bá jẹ́ pépà, ẹ gbọ̀n ọ́n ni, kò gbọ́dọ̀ kan omi tàbí ọ́ìlì. Lákòókò ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń ṣe tèmi.

Tójò bá dé, ẹrẹ̀ pupa á bo ìyẹ́ irin tó yí síláńdà ká, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, ẹ máa wẹ ìyẹ́ yẹn. Ọ́ìlì inú ẹ̀ tó bíi líta kan, ti màṣíìnì ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ní JASO MA lára gálọ́ọ̀nù, torí ọ́ìlì kan náà ló ń wẹ kílọ́ọ̀ṣì, ti mọ́tò lè jẹ́ kó máa yọ̀.

Ṣéènì, bíréèkì, táyà

Ẹ fi ìka gbé ṣéènì láàárín, kó gbé sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Tí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn (irin eléyín tí ṣéènì ń gùn) bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀, ẹ pààrọ̀ òun, ti iwájú àti ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tẹ́ ẹ bá dá sí ló máa jẹ tuntun. Píìnnì tó so ṣéènì pọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ tí ò lẹ́nu ló gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ.

Bíréèkì: tí lẹ́nìn inú ẹ̀ tó ń di wíìlì mú bá ti tín-ín-rín, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú ẹ̀, omi ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára táyà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tọ́kúnbọ̀ tó ti ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Akoto náà wà nínú owó yìí o, ẹ má fi ṣe ti owó tó ṣẹ́ kù. Ní January 2009 tí FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fi dandan lé e, igbá àti ike ọ̀dà làwọn kan fi borí, a rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ring tuntun lẹ fi sí i, kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ má tíì gbé àpò méjì, ẹ má yí ọwọ́ epo dé ìdí, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá bèèrè pé ṣé ẹ ò lè gbé òun dé Zuba, ẹ sọ fún un pé oṣù tó ń bọ̀.