Bí A Ṣe Ń Fi Ohun Kékeré Ojoojúmọ́ Kó Ara Ẹni Níjàánu, àti Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe Lọ́jọ́ Tá A Bá Pa Á Jẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ńṣe ni wọ́n bí ìkóra-ẹni-níjàánu mọ́ àwọn kan, pé ẹni tí wọn ò bá bí i mọ́, kó yáa gba kádàrá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ rí tó ń jí ní kùtùkùtù tó sì ń jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó lé e, kì í bá ara rẹ̀ jìjàkadì ní gbogbo àárọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára ni. Ohun tó bá sì ti mọ́ni lára kì í náni ní agbára púpọ̀ mọ́. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn: ká mú ohun kan tí ara ń sá fún, ká máa ṣe é títí yóò fi mọ́ wa lára. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fi ìtara bẹ̀rẹ̀, tó sì pa á tì kí oṣù tó parí. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀, ìyẹn ìgbésẹ̀ kẹfà. Bẹ́ ẹ bá máa sáré ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìyẹn.

1. Ẹ mú ẹyọ kan

Ẹyọ kan péré. Ẹ má kó jíjí ní kùtù, eré ìdárayá, ìwé kíkà àti owó fífi pamọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú èyí tó jẹ́ pé bó bá ti dúró, yóò mú kí àwọn tó kù rọrùn. Bẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ mú aago tẹ́ ẹ fi ń sùn, nítorí ìpinnu kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tí oorun rẹ̀ kò tó.

2. Ẹ gé e kúrú

Ẹ gé e débi pé ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ tó rẹ̀ yín jù lọ. Bó bá jẹ́ ìwé, ojú ewé méjì. Bó bá jẹ́ ìrìn, ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́jọ́ tí agbára bá wà, ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré yẹn ni òfin. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín nítorí pé ó kéré. Ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ ara yín lákọ̀ọ́kọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá ti sọ pé ẹ máa ṣe nǹkan, ẹ ó ṣe é. Ojú ewé méjì tó láti kọ́ ìyẹn.

3. Ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀

“Màá máa kàwé lójoojúmọ́” kò tíì di ètò. Ètò gbọ́dọ̀ sọ ìgbà, kó sì sọ ibi: “Tí mo bá ti fọ eyín tán láàárọ̀, màá jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, màá ka ojú ewé méjì.” Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan, Peter Gollwitzer, ti pẹ́ lórí ìwádìí irú gbólóhùn “tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, èyí ni màá ṣe” yìí. Ní ọdún 2006, òun àti Paschal Sheeran kó àbájáde àyẹ̀wò 94 jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń ṣètò lọ́nà yìí ń mú ìpinnu wọn ṣẹ ju àwọn tó kàn gbé e sọ́kàn lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa so ó mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ kì í pa jẹ rárá: eyín fífọ̀, ìwẹ̀, bàtà wíwọ̀. Ẹ má so ó mọ́ aago tó ń dún lórí fóònù, torí ọwọ́ máa ń pa á kí ojú tó là. Àárọ̀ sì ni kẹ́ ẹ fi sí. Ohun tẹ́ ẹ bá sún di alẹ́, iṣẹ́, àlejò àti àárẹ̀ á ti gba àkókò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ oorun nìkan ni mo yọ̀ǹda fún alẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ gbólóhùn náà sórí bébà.

4. Ẹ ro ojú ọ̀nà

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé agbára ọkàn nìkan. Nígbà tí Walter Mischel, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá mìíràn, ń ṣe ìwádìí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Stanford, ó fi ohun aládùn síwájú wọn, ó ní bí wọ́n bá lè dúró, èyí tí wọ́n máa gbà yóò dára ju ìyẹn lọ. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 1970 àti 1972 fi hàn pé nígbà tí wọ́n bá gbé ohun náà kúrò lójú àwọn ọmọ náà, tàbí tí wọ́n bá fún wọn ní nǹkan mìíràn tí wọ́n lè máa rò, wọ́n máa ń lè dúró pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n bá tẹjú mọ́ ọn lọ. Àgbàlagbà náà kò yàtọ̀. Ẹ gbé ohun tó ń fà yín kúrò lójú.

Ní tèmi, yàrá mìíràn ni fóònù ń sùn. Bó bá jẹ́ òun ló ń jí yín, ẹ ra aago kékeré. Bí owó aago kò bá sí, ẹ gbé fóònù náà sí ìpẹ̀kun yàrá, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kó lè jẹ́ pé àfi tẹ́ ẹ bá dìde lẹ máa tó lè pa á. Kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ ti gbé ohun tẹ́ ẹ máa lò sílẹ̀: bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ìwé sórí àga, kẹ́ ẹ ṣí i sí ojú ewé tẹ́ ẹ máa kà.

5. Ẹ máa sàmì sí i

Kàlẹ́ńdà ògiri àti bírò. Mi ò fara mọ́ fífi fóònù ṣe é, torí ẹni tó bá ṣí fóònù láti sàmì kan, ó di ìdajì wákàtí kó tó gbé e sílẹ̀. Bí kò bá sí kàlẹ́ńdà, ẹ fa ilà àpótí ọgbọ̀n sẹ́yìn bébà èyíkéyìí. Ẹ fi òwú so bírò mọ́ ọn. Ní kété tẹ́ ẹ bá ṣe é tán ni kẹ́ ẹ sàmì.

6. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa á jẹ

Ẹ ó pa á jẹ lọ́jọ́ kan. Àìsàn lè dé, ìrìn àjò lè dé, ọmọ lè má jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Kò sí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Olùwádìí kan, Phillippa Lally, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀lé ènìyàn 96 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú ohun kan láti máa ṣe lójoojúmọ́, ìwádìí náà sì wà nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní 2010. Bí wọ́n bá to iye ọjọ́ tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan kí nǹkan tó mọ́ ọn lára, èyí tó bọ́ sí àárín jẹ́ ọjọ́ 66. Ti ẹlòmíràn gba ọjọ́ 18 péré, ìṣirò sì fi hàn pé ti àwọn kan lè tó 254. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ 21 tí gbogbo ayé ń pariwo pé nǹkan fi ń mọ́ni lára dẹ́rù bà yín. Wọ́n tún rí i pé ọjọ́ kan tí ènìyàn bá pa jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn.

Ohun tí ènìyàn bá ṣe lọ́jọ́ kejì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti ń rí i tí àwọn tó ní ìtara jù lọ ń ṣubú.

Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á fẹ́ san án padà. “Méjì tí mi ò kà lánàá, mẹ́rin ni màá kà lónìí.” Ó dùn ún gbọ́, ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ẹ ti sọ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó nira di ọjọ́ tó wúwo jù. Bí mẹ́rin yẹn kò bá ṣeé ṣe, ó di mẹ́fà lọ́la. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ ó máa gbójú kúrò níbi tí ìwé náà wà, torí pé ẹ̀sùn ló ń fi kàn yín. Ọjọ́ tó lọ ti lọ. Ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Ìkejì ni àwọn tó ń dúró de ọjọ́ tó mọ́ tónítóní. Wọ́n pa Ọjọ́rú jẹ, wọ́n wá ní ọjọ́ Ajé làwọn máa tún bẹ̀rẹ̀, tàbí kí oṣù tuntun kọ́kọ́ wọlé. Gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín ló wá di ọjọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ṣíṣàìṣe é náà sì ń mọ́ ara.

Ìkẹta ni ara ẹni bíbú. Ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ láràárọ̀ ti ń wá àwáwí sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn tó máa pa jẹ. Ìjìyà tẹ́ ẹ bá fi ara yín jẹ náà ò wúlò. Ohun tí yóò kọ́ yín ni pé kẹ́ ẹ máa kórìíra iṣẹ́ náà.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò rẹ̀, níbi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣe é, ẹ ṣe ìwọ̀n kékeré yẹn, kẹ́ ẹ sì dúró níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, kódà bí agbára bá wà, ẹ má ṣe jù ú lọ. Ẹ fi àpótí ọjọ́ àná sílẹ̀ lófìfo, ẹ má kọ àlàyé sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Kí ló gbé yín ṣubú? Bó bá jẹ́ pé ẹ ò sun ilé, tí ohun tẹ́ ẹ so ó mọ́ kò wáyé, ẹ kọ gbólóhùn kejì fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n náà pọ̀ jù, ẹ tún gé e. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ gbé e jìnnà sí i. Ẹ tún nǹkan kan ṣoṣo ṣe, kẹ́ ẹ má tún gbogbo ètò tò.

Òfin tí mi ò gba ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ pa ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra jẹ. Bó bá jẹ́ àìsàn ló fà á tó fi tẹ̀ léra, ẹ fi ìdajì ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tára bá yá.

7. Ìgbà tẹ́ ẹ lè fi òmíràn kún un

Ẹ má fi iye ọjọ́ pinnu. Ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá kíyè sí i pé ẹ ti wà lórí àga kẹ́ ẹ tó rántí pé ẹ ní in láti ṣe, tàbí tí ara kò rọ̀ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kò bá rí i ṣe. Nígbà náà, ẹ so èkejì mọ́ ìparí àkọ́kọ́: “Tí mo bá ti pa ìwé dé, màá wọ bàtà, màá rin ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ẹ má fi kún ìwọ̀n àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ mú èkejì wọlé. Ẹ kọ gbólóhùn tuntun náà sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀ lórí bébà kan náà, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.