Ìwà ni tàbí Ìmọ̀? Bí A Ṣe Lè Darí Ìjíròrò Náà Nínú Ẹgbẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, ní Ìjẹ̀bú-Òde jíròrò bóyá inú ìwà rere tí à ń hù sí ọmọnìkejì ni ayé ènìyàn ti ń gún, tàbí inú ìmọ̀ tí à ń wá nítorí ìmọ̀ gan-an, kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè pé èwo ló dára jù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ni yóò ké pé ìwà lẹwà, ọ̀rọ̀ yóò sì ti parí kí wọ́n tó pín mínírà tán.

Ohun tí ìwà àti ìmọ̀ gbára lé, lọ́kọ̀ọ̀kan, ni kí ó kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀nà tí Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì, tí ó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Kristi, gbà nìyẹn nínú apá kẹwàá Nicomachean Ethics, ìwé rẹ̀ lórí ìwà: ọ̀làwọ́ nílò owó, olódodo nílò ẹni tí yóò ṣe òdodo sí, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n lè dá jókòó kí ó máa ronú. Ìdí nìyí tí ó fi gbé ìmọ̀ sí ipò kìn-ín-ní, tí ó sì gbé ìwà sí ipò kejì. (Ẹni tí ó bá ti dáwó aṣọ Òjúde Ọba rí kò nílò àlàyé lórí ti owó yìí.)

Lẹ́yìn èyí ni ìjíròrò lè ṣìnà. Ẹnìkan yóò sọ pé obìnrin tó ń yan gàrí Ìjẹ̀bú, tó mọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin yóò lò kó tó kan, ti fi ìwà hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, Aristotle sì yà á sọ́tọ̀, nítorí gàrí tí ó ń mú jáde ni ète rẹ̀. Ọjọ́ tí obìnrin náà bá kọ̀ láti tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, bí oníbàárà kò tilẹ̀ ní mọ̀, ni ìwà bẹ̀rẹ̀; mímọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ènì kún un fún tálákà, àti ìgbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tirẹ̀ kò gbà á láyè, ni Aristotle ń pè ní phronesis, tí àwa lè pè ní làákàyè.

Kí olùdarí wá mẹ́nu ba ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower, tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń roko tí ó sì ń kàwé, kí ó sì béèrè èwo nínú méjèèjì ló ń sin èkejì. Apá kẹfà ìwé Aristotle náà, tí ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ìkẹwàá lọ, ní ìdáhùn kan: làákàyè kì í pàṣẹ fún ọgbọ́n ìjìnlẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ tí à ń wá nítorí ìmọ̀ gan-an; nítorí ọgbọ́n náà ni ó ṣe ń pàṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ìṣègùn ṣe ń wá ìlera láì jẹ́ ọ̀gá fún un.

Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá sọ wákàtí tí ó ń rí lọ́sẹ̀ láti fi ronú, àti ẹni tí ó ń bá a ru ẹrù ilé ní wákàtí náà.