Bí mo ṣe yanjú bẹ́líìtì tó ń yọ̀ lára ẹ̀rọ ìrin-gàrí àlòkù

Ẹ̀rọ tí mo tún ṣe yìí, àlòkù ni wọ́n rà á wá sí ẹ̀bá Odògbólú. Irin áńgù ni férémù rẹ̀, ìlù róbótó tó ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n fi páànù onílílu bò, wà láàárín, ẹ́ńjìnnì oní-dísù ló sì ń fi bẹ́líìtì méjì yí ìlù náà. Bí ó bá ń yí lásán, kò sí wàhálà. Kí wọ́n ṣáà ti da ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu, yóò han gooro, òórùn rọ́bà tó ń jóná yóò gba gbogbo ilé, ìlù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Fún ẹni tó ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, torí ìlù tó ń lọ́ra kì í rin ẹ̀gẹ́ kúnná. Kókó ni yóò kún inú rẹ̀, asẹ́ ò sì ní gbà á.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n fa bẹ́líìtì le sí i. Bí a bá fà á le láì mọ ohun tó ń mú un yọ̀, bíárìn (ohun tó gbé ọ̀pá ìlù dúró kí ó lè máa yí) ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Etí ni mo kọ́kọ́ lò. Bí ẹ bá da ẹ̀gẹ́ sí i, tí ohùn ẹ́ńjìnnì àti ìlù jọ wálẹ̀ pọ̀, bẹ́líìtì di nǹkan mú dáadáa. Ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára, ẹ lọ wo fílítà àti dísù rẹ̀. Àmọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì ò bá yí padà, tí ìlù nìkan ń lọ́ra, nǹkan kan ń yọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ó tún ku ẹyọ kan tó máa ń tan mẹkáníìkì jẹ: púlì (kẹ̀kẹ́ oníkòtò tí bẹ́líìtì ń gùn) fúnra rẹ̀ lè máa yí lórí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó gbé e, nígbà tí kíì rẹ̀ (irin kékeré tó so ó mọ́ ṣáàfù) bá ti jẹ tàbí tí sukúrúù rẹ̀ bá ti dẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti imú ṣáàfù dé ara púlì, ní ìhà méjèèjì, mo ní kí wọ́n rin ẹ̀gẹ́ díẹ̀, mo sì pa á wò. Ìlà ṣì bá ara mu. Bẹ́líìtì ló kù.

Mo fa ọwọ́ ìpaná, mo dúró títí kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì fi dúró pátápátá, mo sì gbé lífà kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n (èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀) sókè kí ó má baà tún ta. Oní-bẹntiróòlù ni tiyín? Ẹ yọ fìlà púlọ́ọ̀gì kúrò. Ẹni tó ró ìró tàbí tó so ìborùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ bẹ́líìtì tí kò ní ìbòrí, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré.

Lẹ́yìn náà ni mo tú bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìjókòó ẹ́ńjìnnì díẹ̀, mo tì í sún mọ́ ìlù, mo sì fi ọwọ́ yọ bẹ́líìtì. Ẹ má fi sukúrúdíráfà fà á yọ. Òwú inú bẹ́líìtì ló ń gbé ẹrù. Bí irin bá gé díẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní hàn lójú, àmọ́ kò ní pẹ́ já.

Bí bẹ́líìtì ti kúrò, mo fi ọwọ́ yí ìlù. Ó yẹ kí ó yí fúnra rẹ̀ bíi ìgbà mélòó kan kí ó tó dúró. Èyí wúwo, ó sì ń dún ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, fọ́nrán àárín ẹ̀gẹ́ ti wé mọ́ ṣáàfù láàárín ìlù àti ògiri àpótí, sítáàṣì sì ti gan mọ́ ọn bíi sìmẹ́ǹtì. Mo fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gé e, mo sì fi omi tútù rẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, omi tútù ni. Omi gbígbóná ló ń se sítáàṣì ẹ̀gẹ́ di ẹ̀kọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń se é kí ó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹni tó bá da omi gbígbóná sínú púlì ti po lẹ́ẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Èkejì, bíárìn ẹ̀gbẹ́ púlì ti gba omi, gírísì inú rẹ̀ ti funfun. Ṣáàfù 25 mm ni, nítorí náà bíárìn tí wọ́n ń pè ní P205 ni mo fi rọ́pò rẹ̀ (bí tiyín bá jẹ́ 30 mm, ẹ béèrè P206). Bíárìn kejì ṣì dára. Mo fún un ní gírísì títí tí ìdọ̀tí àtijọ́ fi jáde tán.

Bẹ́líìtì ló wá fi ọ̀rọ̀ hàn. Lára ọ̀kan, wọ́n kọ B60. Lára èkejì, A60. Nọ́ńbà yẹn ni gígùn inú bẹ́líìtì ní ìnṣì, lẹ́tà sì ni bí ó ṣe fẹ̀ sí: A fẹ̀ ní mìlímítà 13 lókè, B fẹ̀ ní 17. Púlì B ni ẹ̀rọ yìí ń lò. Bẹ́líìtì A rì sí ìsàlẹ̀ kòtò púlì, ó ń fi ìdí rìn, ìdí púlì sì ń dán gbinrin níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni bẹ́líìtì onígun fi ń di púlì mú. Tó bá ti fi ìdí jókòó, kò ní agbára kankan mọ́. B nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti gan, ó ń dán bíi bàtà tí wọ́n kùn, ìlà là-là-là sì ti wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa nọ́ńbà rẹ́ lára bẹ́líìtì, ẹ fi tépù wọn ẹ̀yìn rẹ̀ yíká: ẹ yọ ìnṣì 3 kúrò bí ó bá jẹ́ B, ìnṣì 2 bí ó bá jẹ́ A. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 63, tó sì fẹ̀ ní 17 mm, B60 ni.

Ká ní sítáàṣì nìkan ló wà lára bẹ́líìtì tí kò tíì là, mi ò ní jù ú nù. Àkísà, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó, kí a sì sá a sí ibòji kí ó gbẹ. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù ń mú rọ́bà wú. Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ lójú, wọ́n sì ba á jẹ́. Àwọn kan ń fi sáńpépà ra ẹ̀gbẹ́ tó ń dán. Yóò di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ní gàrí láti kó lọ sí ọjà ò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé e. Yanrìn àti oje igi tí wọ́n ń dà sí bẹ́líìtì, mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ń jẹ púlì, ó sì ń kó ìdọ̀tí jọ. Ní ti èyí, mo kó méjèèjì dànù, mo ra B60 méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe. Ẹ má fi tuntun kan pọ̀ mọ́ ògbólógbòó kan: ògbólógbòó ti nà, tuntun nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha inú kòtò púlì méjèèjì, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo nù wọ́n gbẹ, mo sì fi sáńpépà nọ́ńbà 120 gba ibi tó ti dípẹtà. Ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti ta sí, sípírítì díẹ̀ lára àkísà ló mú un kúrò (ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, tó ń jò gan-an gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀ tuntun yóò tún yọ̀). Mo gbé rúlà onírin lé ẹ̀gbẹ́ kòtò, mo yẹ̀ ẹ́ wò sí ìmọ́lẹ̀. Púlì ìlù tọ́; ti ẹ́ńjìnnì ti jẹ wọnú ju mìlímítà 1 lọ, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Kékeré ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí pé ó ń yí ju ńlá lọ, bẹ́líìtì ò sì fi bẹ́ẹ̀ wé mọ́ ọn.

Púlì ìnṣì 4 ni mo fi rọ́pò ìnṣì 4. Púlì ló ń pinnu bí ìlù ṣe ń yára sí: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì rẹ̀ jẹ́ 4, tí ti ìlù sì jẹ́ 6, ìlù yóò yí ní ìgbà 1000. Ẹni tó bá gbé 5 sí ẹ́ńjìnnì ti sọ ọ́ di 1250, ẹrù bẹ́líìtì sì ti pọ̀ sí i.

Kí n tó fún bóòtì le, mo na okùn láti etí púlì ìlù dé etí púlì ẹ́ńjìnnì. Okùn gbọ́dọ̀ kan etí méjèèjì ti púlì kọ̀ọ̀kan, ibi mẹ́rin lápapọ̀. Ó kan mẹ́ta péré, ẹ́ńjìnnì ti wọ́ lẹ́yìn. Mo fi òòlù rọra gbá a títí ó fi tọ́. Ìwọ̀n fífà le wá rọrùn: láàárín púlì méjèèjì jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 60, nítorí náà bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì ní àárín, kí ó wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ìlù bá ṣiṣẹ́ tán tí ọwọ́ ò sì lè gbé lórí bíárìn nítorí ooru, ó le jù.

Mo jẹ́ kí ó yí lásán fún bíi ìṣẹ́jú 20, mo tún wo fífà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo da ẹ̀gẹ́ sí i. Bẹ́líìtì tuntun máa ń nà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà mo padà fà á ní ọjọ́ kejì.

Páànù ìlù náà ti kú, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa fi igi ti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn tipátipá. Mo ní kí wọ́n fi ìṣó lu tuntun. Mo wá gé páànù pẹlẹbẹ kan, mo fi ṣe ògiri sáàárín ẹnu ẹ̀rọ àti púlì, kí omi ẹ̀gẹ́ má baà ta sí bẹ́líìtì mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rá bo púlì, kí wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì lásán láàárọ̀ kí ẹ̀gẹ́ tó wọ ẹnu rẹ̀.