Àwòrán Queen of Trumps tí mo rà ní gbàǹjo

Iye tí mo pè ní gbàǹjo kọ́ ni mo san. Wọ́n gbé nǹkan bí ìdámẹ́rin owó náà lé e, wọ́n tún bu owó orí lé ìyẹn. Ó dùn mí, àmọ́ bí gbàǹjo ṣe rí nílùú Òyìnbó nìyẹn. Ohun tí mi ò lè gbà ni ọjà tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Doncaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, níbi tí eré ẹṣin St Leger ti bẹ̀rẹ̀ ní 1776. Ibẹ̀ ni John Frederick Herring gbé nígbà tó ń wa ọkọ̀ akérò tí ẹṣin ń fà, kó tó di ẹni tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń bẹ̀ pé kó wá ya ẹṣin àwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ya àwọn ẹṣin tó gba St Leger. Queen of Trumps ló wù mí jù, abo ẹṣin tó kọ́kọ́ gba eré ẹṣin Oaks àti St Leger pọ̀, ní 1835. Ìwé gbàǹjo sọ pé ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ti fi àwo bàbà tẹ èyí tí mo rà sórí ìwé, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kùn ún.

Férémù ló dá mi dúró. Wọ́n ti lẹ bébà búráùn pa ẹ̀yìn rẹ̀, páálí tó yí àwòrán ká sì bo etí ìwé mọ́lẹ̀. Etí yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà: ojú ibi tí àwo bàbà ti tẹ̀ wọnú ìwé tútù, àti ìlà kékeré tó ń sọ ẹni tó gbé e jáde àti ọjọ́ rẹ̀. Mo pe àwọn tó tà á. Wọ́n ní tí mo bá tú férémù, àwọn ò ní gbà á padà. Kí n lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ onímọ̀. Onímọ̀ ní òun ò lè sọ nǹkan kan láìtú férémù. Mo padà sọ fún wọn, wọ́n tún ní ìwé onímọ̀ làwọn fẹ́ rí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó ti sanwó nìyẹn? Àfìgbà tí mo kọ lẹ́tà pé kí òṣìṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ tú u lójú mi ni wọ́n tó gbà.

Awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ni mo mú dání. Tí ẹ bá fi wo irú àwòrán bàbà yìí tó jẹ́ tòótọ́, ara rẹ̀ á sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ gbígbẹ, nítorí oje igi lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń yọ́ mọ́ bàbà kí ásíìdì tó jẹ ẹ́. Àwọ̀ tí wọ́n fọwọ́ kùn á wà lókè, á sì máa kọjá ìlà níbòmíì. Àmọ́ nínú tèmi, lára ẹ̀wù Tommy Lye tó gun ẹṣin náà, àmì tín-ín-tìn-ín pupa, búlúù àti yẹ́lò ló tò gbọọrọ. Fọ́tò ni ẹ̀rọ fi tẹ̀ ẹ́! Mo na awò náà sí òṣìṣẹ́ yẹn. Ó wò ó, kò jiyàn. Inú mi dùn gan-an: èmi nọ́ọ̀sì ni mo fi han àwọn tó ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun.

Wọ́n dá owó mi padà, àfi owó tí mo fi gbé e wálé. Ìyẹn ni mo ṣì ń bá wọn fà.

Ní báyìí, kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n yọ àwòrán kúrò nínú férémù, kí wọ́n ya fọ́tò etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, lórí ìwé, bóyá bàbà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tàbí fọ́tò. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ má pe owó kankan.