Bí Àpáta Zuma tí mo yà ṣe kúrò ní ọmọ ọlọ

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya Àpáta Zuma nínú Blender (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán 3D) fún oníbàárà kan ní Kubwa. Gbogbo ìlà ara rẹ̀ ló pé. Ìyàwó mi kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọmọ ọlọ ta lẹ yà yìí?"

Mo pààrọ̀ fọ́tò tí mo fi bo àpáta náà, kò yí nǹkan kan padà. Mo fi kún iná, ó tún burú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi ọ̀dà yàwòrán ló là mí lójú: "Àbúrò, afẹ́fẹ́ dà? Ohun tó jìnnà kì í dúdú tó báyẹn." Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù ká ju pupa lọ, ìdí nìyẹn tí òkè òkèèrè fi máa ń rí bíi búlúù tó ṣá. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, ti kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ojú wa ń fi í díwọ̀n ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé a mọ̀.

Mo wá fi kùrukùru búlúù fẹ́lẹ́ sáàárín kámẹ́rà àti àpáta, mo sì jẹ́ kí òjìji rẹ̀ ṣá. Mo yọ igi ńláńlá tí mo gbìn sídìí rẹ̀ (àwọn gan-an ló sọ òkè tó tó nǹkan bí mítà 300 di òkúta ọlọ!), mo fi igi tín-ín-tìn-ìn-tín àti trélà kan dípò. Búlúù yẹn náà ò pẹ́ níbẹ̀: àsìkò ọyẹ́ ni oníbàárà fẹ́, eruku ọyẹ́ sì máa ń sọ ojú ọ̀run di funfun bí ẹ̀kọ.

Ìyàwó mi tún wò ó. "Ẹ̀hẹ́n, ti ẹ̀yìn náírà ọgọ́rùn-ún nìyí."