Bí A Ṣe Ń Sọ Pé "Iná Ti Lọ" ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé "wọ́n ti mú iná lọ", a kì í sì í bi ara wa léèrè pé ta ni "wọ́n". Inú gbólóhùn yìí ni "they have taken light" ti jáde. Kò sí àléébù nínú rẹ̀ bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, níbi tí orúkọ NEPA ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di PHCN láti ọdún 2005, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì gba iṣẹ́ iná pípín lọ́dún 2013. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ fún onílé yín ní London, ó lè rò pé olè ló gbé àtùpà yín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pa "wọ́n" tì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, iná fúnra rẹ̀ ló ń lọ, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí "iná ti lọ", èyí tí àwa náà ń sọ, kí ẹ wá wí pé "the power has gone out". Ẹ ṣọ́ra fún "light" pẹ̀lú, torí pé ẹni tó bá gbọ́ "there is no light" lè máa wo òkè bóyá glóòbù ló jó.

Ní Britain, "we've had a power cut" ni wọ́n ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, "power outage" ni, ṣùgbọ́n "the power's out" ló yá lẹ́nu jù. Ẹ fi "blackout" sílẹ̀ fún èyí tó bá gbilẹ̀, irú ti oṣù kẹjọ ọdún 2003 tó mú New York ṣókùnkùn títí dé Ontario ní Kánádà.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ yọjú lójú fèrèsé. Bí iná bá wà nílé aládùúgbò, inú ilé yín ni ọ̀rọ̀ wà: "the breaker has tripped" bí bíréékà bá já wálẹ̀, "a fuse has blown" bí fíúsì bá jó, "the meter has run out" bí owó inú mítà bá tán. Bí gbogbo òpópónà bá ṣókùnkùn, tí ẹ sì wà ní England, Scotland tàbí Wales, ẹ pe 105, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì sọ pé: "The power has gone out on our whole street. When will it be back on?"

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín "power cut" àti "they've cut us off". Ti àkọ́kọ́ kò kan ẹ̀bi yín rárá, ṣùgbọ́n èkejì ni gígé iná, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé gbèsè wà lọ́rùn yín.

Bí iná bá padà dé, "the power's back on" ló rọ́pò "Up NEPA!" tí àwọn ọmọdé ń ké láti ilé dé ilé nígbà tí fáànù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.